Ojú Ikin, Ojú Owó: Ohun tí Oníṣòwò Kékeré Lè Rí Kọ́ Lára Ọ̀pẹ, Iṣu àti Ìtàn Àwọn Àgbà

     

Àkòrí tí ìgbìmọ̀ ọdún gbé lé mi lọ́wọ́ ni ohun tí ìṣẹ̀dá àti lítíréṣọ̀ wa lè kọ́ àwọn tó ń ṣe òwò kékeré. Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n wá ẹni tó kọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì. Wọ́n ní iwájú àwa babaláwo ni ẹjọ́ òwò ń wá jù, kí n má ṣe sá. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí n tẹ́ ẹní sílẹ̀ kí oníṣòwò kan má jókòó síbẹ̀: alágbo, aránṣọ, onídìrí, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata, ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Gbólóhùn kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀: "Baba, ọjà ò tà." Bí mo bá wá fara balẹ̀ bi wọ́n léèrè, mo máa ń rí i pé ọjà tà. Ó tà lánàá, ó tà níjẹta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé owó tí wọ́n fi ra ọjà náà kò sí mọ́, wọn kò sì mọ ọjọ́ tó jáde nílé.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò ju ẹyọ kan lọ. Ojú owó kì í ṣe oúnjẹ. Gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn èyí, ẹ̀ka ara rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo awo ti mọ̀. Bí a bá ń ṣa ikin, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi láti yẹ̀ wò lára rẹ̀ ni ojú. Ojú mẹ́ta ni èkùrọ́ lásán sábà máa ń ní, tàbí kí ó dín. Ikin a máa ní mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ mi, mo rò pé nítorí ẹwà lásán ni a fi ń wá ojú lára rẹ̀. Ọjọ́ kan ni ọ̀gá mi mú èkùrọ́ kan tó ti hù lábẹ́ ọ̀pẹ, ó ní kí n wo ibi tí èéhù ti yọ. Ojú náà ni. Èèpo èkùrọ́ le bí òkúta, kò sí ibòmíràn tí ìyè inú rẹ̀ lè gbà jáde. Bí nǹkan bá ti ba ojú náà jẹ́ wọnú, ẹ gbìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò níí hù. N kò lè sọ pé ojú ikin ni àwọn baba wa ń wò nígbà tí wọ́n pe owó ìbẹ̀rẹ̀ òwò ní ojú owó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì bára mu. Ojú owó ni ibi tí owó mìíràn ti ń hù.

Ọ̀pẹ fúnra rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ púpọ̀ lórí èyí. Ọ̀nà méjì ni a fi ń rí ẹmu gbà lára rẹ̀. Adẹ́mu tó mọṣẹ́ a fi igbà gùn ún, a dá a níbi tí òdòdó akọ rẹ̀ wà, a so akèrègbè mọ́ ọn. Òwúrọ̀ a gbé ẹmu, ìrọ̀lẹ́ a tún gbé e. Ọ̀pẹ ṣì wà lóòró. Nígbà tí wọ́n bá jẹ́ kí ó sinmi, iṣẹ́ rẹ̀ ń bá a lọ. Ọ̀nà kejì ni ti ẹni tí ìkánjú mú. Òun a wó ọ̀pẹ lulẹ̀, a gbẹ́ ihò sí i lọ́rùn, ẹmu a sì máa ro síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá yóò rò pé ọwọ́ ọkùnrin náà ti ba nǹkan. Ẹmu ń ṣàn, àwọn ọ̀rẹ́ yí i ká, igbá ń lọ igbá ń bọ̀. Nígbà tí ẹmu bá dá, ìtí igi tí olú ń hù sí lára ni yóò kù fún un.

Báyìí gan-an ni òwò tí a ń jẹ ojú owó rẹ̀ ṣe ń rí. Kì í rí bí ìparun níbẹ̀rẹ̀. Ó ń rí bí ọlá. Obìnrin tó ti ń ta epo fún oṣù mẹ́ta, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra aṣọ ẹbí ní gbogbo ọ̀sẹ̀, àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ yóò máa kí i pé ọjà ń gbè é. Ẹmu tó ń mu nígbà náà, láti ọrùn ọ̀pẹ tó ti wó lulẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi iye sí i, kí ọ̀rọ̀ má baà wà lójú ọ̀run. Ẹ gbà pé aláràtà kan ra kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́ta ní ₦120,000, ó sì tà wọ́n ní ₦135,000. ₦15,000 lé lórí rẹ̀. Ó san ₦4,000 fún ọkọ̀, ₦1,000 fún alábàárù, ₦1,000 fún owó ìsọ̀. Èrè rẹ̀ kì í ṣe ₦15,000 mọ́, ₦9,000 ni. Ṣùgbọ́n ₦15,000 ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí náà ó ná ₦12,000 sílé kí ọjà mìíràn tó pé, inú rẹ̀ sì dùn pé òun tún fi ₦3,000 pamọ́. Kò fi nǹkan kan pamọ́. ₦3,000 ni ó gé kúrò lára igi. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjà mẹ́jọ, ₦24,000 ti lọ, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún ojú owó rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta kò ní ṣe é rà mọ́, bí iye epo kò tilẹ̀ gbéra sókè. Ìgbà yẹn ni yóò wá sọ́dọ̀ mi, tí yóò ní ayé ni wọ́n ń ṣe òun. Kí n má purọ́, ayé ń ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ka owó náà ná.

Nǹkan kan wà lára ọ̀pẹ tí ó tún yẹ kí a mọ̀. Igi kan náà ni ó ń yọ òdòdó akọ àti òdòdó abo, ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Abo ni ó ń di ìdì ẹyìn. Nígbà tí ọ̀dá bá mú ọ̀pẹ, òdòdó akọ a máa pọ̀ jù nínú ohun tó ń yọ. Ṣùgbọ́n kì í hàn lọ́dún ọ̀dá náà. Òdòdó ti ń pinnu bóyá akọ ni tàbí abo tipẹ́tipẹ́ kí ojú ènìyàn tó rí i, nítorí náà nǹkan bí ọdún méjì lè kọjá kí àìso tó dé. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀ yóò dúró lábẹ́ ọ̀pẹ nínú ọdún tí òjò rọ̀ dáadáa, yóò máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí igi kò so. Oníṣòwò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù yìí tí ìṣòro dé kọ́ ni oṣù tí ó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ohun tó ba òwò jẹ́, ẹ má ṣe wo ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan. Ẹ padà sí ìgbà tí ọwọ́ yín dẹ̀, tí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé.

Ògùrọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀pẹ ní tirẹ̀. Inú àbàtà ni ó ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì ń so láyé rẹ̀. Bí ó bá ti so tán, ó kú. Kò sí ẹni tó lè fi ọgbọ́n sọ ọ́ di ọ̀pẹ. Òwò mìíràn wà tó jẹ́ ògùrọ̀: aṣọ tí a rán fún òkú kan ṣoṣo, oúnjẹ tí a sè fún ìpolongo ìbò, iṣẹ́ ilé tí onílé kan gbé fún wa. Kò burú láti ṣe é, ẹmu ògùrọ̀ dùn. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni kí ènìyàn gba ilé tuntun, kí ó gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta kún un, nítorí owó ògùrọ̀ kan tó ti ń kú lọ.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣu báyìí, nítorí pé a wà lásìkò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi ẹnu kan iṣu tuntun kí Ifá tó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ wa ìlú ńlá ló mọ bí iṣu náà ṣe dé ọwọ́ wa? Nínú oko iṣu funfun, àgbẹ̀ lè wa iṣu lẹ́ẹ̀mejì nínú ebè kan. Lẹ́ẹ̀kíní, nígbà tí ewé ṣì tutù, a fara balẹ̀ tú ẹ̀gbẹ́ ebè, a gé iṣu náà nísàlẹ̀ orí rẹ̀, a fi orí àti gbòǹgbò sílẹ̀ mọ́ ìtàkùn, a sì fi ilẹ̀ bò ó padà. Èyí tó gé ni iṣu tuntun tí à ń jẹ. Orí tó kù sínú ilẹ̀ a tún ta iṣu kéékèèké, ìyẹn ni yóò di èbù fún ọdún tó ń bọ̀. Ẹ ronú sí i: ebi ọdún àti oko ọdún tó ń bọ̀ wà nínú ebè kan náà, ibi tí ọ̀bẹ bá gbà ni ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Àgbẹ̀ tó bá gé e sókè jù, ó jẹ púpọ̀ lónìí, ó sì pa orí iṣu. Ní ìgbà ìyàn, àwọn baba wa a máa wá isu inú igbó wà, wọn a jẹ gbẹ̀gìrì láìsí ọkà, kí wọ́n tó lọ fọwọ́ kan èbù nínú abà.

Ní ọdún 1991, èmi fúnra mi se èbù jẹ, èbù ẹlòmíràn sì ni. Ìyàwó mi ń ṣòwò èlùbọ́ nígbà náà bí ó ti ń ṣe é títí di òní. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń lọ sí Ṣakí àti àwọn ìlú Òkè-Ògùn mìíràn lọ ra gbodò, nígbà tí ó pọ̀ tí kò sì wọ́n. Yóò kó o pamọ́, yóò máa sá a sóòrùn nítorí kòkòrò, yóò sì lọ̀ ọ́ tà nígbà òjò, nígbà tí iṣu ti wọ́n lọ́jà. Ọdún náà ni wọ́n fẹ́ fi mí joyè láàárín awo. Mo gba owó gbodò lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ra aṣọ, mo fi ṣàlejò. Mo ní oṣù kan péré ni, pé ohun tí àwọn ènìyàn bá ta mí lọ́rẹ yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ta mí lọ́rẹ kò tó ìdajì. Nígbà tí mo fi rí ìyókù kó jọ, òjò ti dé, gbodò ti gbówó lórí. Ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ti ń fi kọ́ńgò ra èlùbọ́ tà lọ́dún náà. Ọdún méjì gbáko ni ó tó padà sí bí ó ti wà. Kò bá mi jà. Ohun tó ṣe ni pé ó ra ìwé kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn èlùbọ́ tí à ń jẹ nílé, ó sì ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní orúkọ mi.

Ẹ wá jẹ́ kí á yà sí ilé Ọ̀bàrà Méjì. Gbogbo awo tó wà níbí ló mọ ìtàn elégédé; àwọn àlejò wa ni mo ń rò ó fún, bí àwọn àgbà mi ti rò ó fún mi. Ọlọ́fin pe àwọn Odù àgbà sí ààfin, Ọ̀bàrà tó tálákà jù nínú wọn kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Ọlọ́fin fún olúkúlùkù ní elégédé. Inú wọn kò dùn. Wọ́n ní ṣé ohun tí ọba fi ń ta ènìyàn lọ́rẹ nìyí. Ebi ń pa wọ́n bọ̀, wọ́n yà sí ilé Ọ̀bàrà. Ọ̀bàrà ní kí ìyàwó rẹ̀ se ìwọ̀nba tó kù nílé fún wọn. Wọ́n jẹun tán, wọ́n kó elégédé sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tí kò sí oúnjẹ nílé mọ́ ni Ọ̀bàrà fi ọ̀bẹ sí elégédé. Owó àti ìlẹ̀kẹ̀ ni ó bá nínú rẹ̀. Ìgbà tí Ọlọ́fin tún pè wọ́n, orí ẹṣin ni Ọ̀bàrà wà wọlé. Àwọn Lukumí tí ń da owó ẹyọ ní Cuba ṣì ń rò ìtàn náà. Bí ẹyọ mẹ́fà bá ṣíjú, Obara ni wọ́n ń pè é, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ẹẹ́rìndínlógún tiwa.

A máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni pé kí ènìyàn lawọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ awo kan bi mí léèrè pé, bí ojú owó kò bá ṣe é jẹ, ṣé Ọ̀bàrà kò jẹ tirẹ̀ tán bí, nígbà tó se èyí tó kù nílé fún àlejò? Ìbéèrè náà mú mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé oúnjẹ ni Ọ̀bàrà fi ṣàlejò, jíjẹ sì ni oúnjẹ. Kì í ṣe ọgbọ́n òwò ni ó sì fi là. Ìwà rẹ̀ ni, ebi ló sì mú un gé elégédé. Nítorí náà n kì í fi Ọ̀bàrà kọ́ oníṣòwò. Àwọn tó kó elégédé sílẹ̀ ni mo fi ń kọ́ wọn. Ọrọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi èèpo rẹ̀ dá a lẹ́jọ́, wọ́n sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ oúnjẹ ọ̀sán kan. Mélòó nínú wa ló ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú nítorí pé ó ti dógùn-ún? Bẹ́ẹ̀ sì ni elégédé gidi, èyí tó wà lórí ilẹ̀, ń fi ohun kan hàn wá. À ń já ewé rẹ̀ sebẹ̀, gbọ̀ọ̀rọ̀ ni à ń pè é. Ẹni tó bá ń já díẹ̀díẹ̀ yóò jẹ ewé, yóò jẹ èso, yóò sì ní kóró láti gbìn. Ẹni tó bá fá gbogbo ọ̀mùnú rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà ni èrè rẹ̀.

Kì í ṣe ẹnu oníṣòwò nìkan ló ń jẹ ojú owó. Àwìn náà ń jẹ ẹ́. Ìtàn Ìjàpá àti Ẹlẹ́dẹ̀ ti tó fún wa lórí èyí. Ìjàpá yá owó lọ́wọ́ Ẹlẹ́dẹ̀, kò san án. Ọjọ́ tí Ẹlẹ́dẹ̀ wá sin gbèsè, Ìjàpá dojú dé, ó fi àyà sókè, Yánníbo ìyàwó rẹ̀ sì ń lọ nǹkan lórí àyà náà bí ẹni pé ọlọ ni. Ẹlẹ́dẹ̀ bínú, ó gbé ọlọ, ó jù ú sínú ẹrẹ̀. Láìpẹ́ Ìjàpá wọlé, ó gbọn ara rẹ̀ nù, ó ní òun ti mú owó dé, ṣùgbọ́n kí Ẹlẹ́dẹ̀ kọ́kọ́ wá ọlọ òun wá. Títí di òní ni Ẹlẹ́dẹ̀ ń fi imú tú ẹrẹ̀. A máa ń rẹ́rìn-ín sí ọgbọ́n Ìjàpá. Ẹ wo Ẹlẹ́dẹ̀ ná. Òun ni wọ́n jẹ ní gbèsè lówùúrọ̀; nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, òun ni ó jẹ gbèsè ọlọ. Kò ní ẹlẹ́rìí, kò ní àkọsílẹ̀, ìbínú nìkan ni ó gbé wá.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má tà láwìn. Ẹni tó ń ṣòwò ní àdúgbò tí kò tà láwìn rárá, kò níí pẹ́ kí àdúgbò náà gbàgbé ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwìn tó bá ju èrè ọjà kan lọ, ojú owó lẹ fi ń ran oníbàárà lọ́wọ́. Àwọn ìyá wa tí wọn kì í tà láwìn ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ó kéré tán, òwúrọ̀ kan wà lọ́sẹ̀ tí ẹnu wọn ti mọ bí a ṣe ń sọ pé rárá.

Ẹ̀yáwó orí fóònù tó gbòde báyìí ń kó ìdààmú bá mi jù àwìn lọ. Ẹni tó bá ní oko kòkó tàbí igi obì mọ àfòmọ́. Ẹyẹ ni ó ń gbé kóró rẹ̀ wá, kóró náà sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka bí oje. Bí ó bá hù, ewé tútù ni ó ń yọ. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ yóò rò pé igi òun ni ó ń gbèrú. Omi igi náà ni ó ń mu, títí ẹ̀ka yóò fi gbẹ. Jíjá ewé rẹ̀ kò ràn án, nítorí ó ti fi gbòǹgbò wọnú igi. Àgbẹ̀ ní láti gé ẹ̀ka náà mọ́ ọn. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà fi fóònù rẹ̀ hàn mí: ó yá tibí san tọ̀hún, èlé orí rẹ̀ sì ń ga lójoojúmọ́. Ìsọ̀ rẹ̀ kún fún ọjà nígbà náà, ó rẹwà lójú. Ewé àfòmọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ohun tí àwọn baba wa fi dípò rẹ̀ kò tíì kú. Nínú àjọ, alájọ ń gba iye kan náà lọ́wọ́ wa lójoojúmọ́, ó ń dá a padà níparí oṣù, ó sì ń yọ owó ọjọ́ kan fún làálàá rẹ̀. Nínú ẹ̀súsú, gbogbo ẹgbẹ́ ń dá owó, ẹnì kan ń kó o ní àkókò tirẹ̀. William Bascom tó kọ ìwé lórí Ifá kọ nípa ẹ̀súsú yìí ní 1952, àwọn ará Trinidad sì ń dá a di ìsinsìnyí, susu ni wọ́n ń pè é. Agbára tó wà nínú rẹ̀ ni pé owó náà kò sí nílé lọ́jọ́ tí aṣọ ẹbí dé. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ fi orúkọ sọ ẹ̀súsú yín kí ó tó kàn yín. Bí ẹ bá ní ti gbodò ni, kí ó jẹ́ ti gbodò.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí n ó bá ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi sọ, kò sì dùn lẹ́nu mi. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ní kí oníṣòwò kó ojú owó rẹ̀ wá fún ẹbọ, pé yóò di ìlọ́po. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, olè ni, ikin ọwọ́ rẹ̀ kò sọ ọ́ di awo. Nígbà tí oníṣòwò bá jókòó síwájú yín, ẹ bi í léèrè pé kí ni èrè rẹ̀ ní ọjà tó kọjá. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹbọ bá ju agbára rẹ̀ lọ, gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń fi ìbò bi Ifá bóyá yóò gba èyí tó kéré. A kò gbọdọ̀ tijú láti bi í. Àwọn àgbà wa kò ya ọ̀rọ̀ ọjà nípa sí ọ̀rọ̀ òrìṣà: Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé ní Ọ̀yọ́, ìyáàfin tí à ń pè ní Ẹni-Ọjà, tó jẹ́ olórí àwọn oníÈṣù, òun náà ni ó ń bójú tó ọjà ọba. Ọwọ́ kan náà tó ń bọ Èṣù ni ó ń rí i pé ọjà wà létòlétò.

Obìnrin aláṣọ òkìrìkà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo ṣe ohun tí Ifá ní kí á ṣe fún un, ẹbọ náà kò sì wọ́n. Lẹ́yìn náà mo mú un lọ bá ìyàwó mi lẹ́yìnkùlé. Wọ́n jọ ka gbèsè náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ta ìdajì ọjà inú ìsọ̀ náà ní iye tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi san èyí tí èlé rẹ̀ burú jù, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyókù. Ìsọ̀ rẹ̀ kò kún mọ́. Gbèsè méjì ṣì kù tí ó ń san.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ bá fẹ́ rí bí a ṣe ń fi ìwé kan àti àpò méjì ya ojú owó sọ́tọ̀ kúrò lára èrè, ẹ dúró lẹ́yìn tí a bá jẹun tán. Ìyàwó mi ti gbé ìwé èlùbọ́ rẹ̀ wá. Ó ní kí n sọ fún yín pé gbèsè 1991 ṣì wà ní ojú ewé àkọ́kọ́.